Ohùn Màámi Nínú Síídì Wòlímọ̀

Àìkú, 22 Júùnù

Mo ti padà sí Ìkòròdú. Òjò bá wa ní Ìtọ́ìkín, kò sì dá títí mo fi wọlé. Àná la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màámi tán ní Ẹ̀pẹ́.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo ṣe ọkàn akin. Ọkàn akin kọ́ o. Mi ò kàn mọ nǹkan kan lára ni. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí kò fi mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ mọ́. Mo bu ìrẹsì fún àlejò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ààfáà, mo fọ ìkòkò. Àǹtí Rọ̀kí, àbúrò Màámi, wò mí títí, wọ́n ní, "Toyyibah, sunkún díẹ̀ kí ara lè tù ọ́." Mo ní ó dáa mà. Wọ́n rò pé omi ẹ̀rọ ni ẹkún, pé wọ́n kàn ń ṣí i ni.

Ìgbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ni Aisha, àbúrò mi, fa ọwọ́ aṣọ mi.

"Àǹtí mi, báwo ni ohùn Màámi ṣe rí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún wọn?"

Mo la ẹnu kí n sín Màámi jẹ fún un. Nǹkan kan ò jáde. Láti ọdún 2010 tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ yẹn ni Màámi ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ pe èèyàn, wọ́n á fi ṣíbí lu àwo. Ṣáájú ìyẹn, ọlọ́kọ̀ ẹja kì í tíì gúnlẹ̀ tí á ti máa gbọ́ ohùn wọn létí ọ̀sà. Mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún gbọ́ ohùn yẹn nílé. Mo rántí àwọn ọ̀rọ̀, mi ò rántí ohùn.

Ọmọ ẹ̀yìn ni Aisha nígbà náà. Kò mọ ohùn mìíràn lẹ́nu ìyá rẹ̀, àfi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àǹtí Rọ̀kí wọ yàrá, wọ́n gbé síídì kan jáde nísàlẹ̀ àpótí Màámi, ìborùn ni wọ́n fi wé e. Síídì wòlímọ̀ mi, ti ọjọ́ tí mo parí Kùránì lọ́dún 2009. Wọ́n ní Màámi sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pariwo. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé síídì nílé mọ́. Mo bá sọ fún Aisha pé kí ogójì tó pé, á gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti fi ogójì sí Àbámẹ́ta, 26 Júláì, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè wá.

Ajé, 23 Júùnù

Mo yí láptọ́ọ̀pù mi po, mo ń wá ihò tí mo máa ti síídì bọ̀. Kò ní. Ọdún méjì ni mo ti ń lò ó, mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú, 25 Júùnù

Mo yà ní Sábọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ síídì tí wọ́n ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fún mi ní ọ̀kan, dúdú, pẹlẹbẹ, nínú páálí tí òòrùn ti pa láwọ̀. Mo délé, mo so ó mọ́ ọn, mo ti síídì bọ̀ ọ́. Ó yí, ó yí, ó dákẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní kí n jọ̀ọ́ fi síídì sí i. Èwo wá ni mo fi sí i?

Mo yá síídì wáàsí lọ́wọ́ onílé wa, mo fi dán an wò. Ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nípa sùúrù. Mo pa á.

Ọjọ́bọ̀, 26 Júùnù

Mo gbé ẹ̀rọ padà sí Sábọ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ mira. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀rọ síídì lẹ béèrè."

"Kí wá lèyí lọ́wọ́ mi?"

"DVD nìyẹn."

"Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Èmi náà kì í pè é bẹ́ẹ̀. Síídì ni gbogbo wa ń pe méjèèjì. Ẹ̀rọ ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo Ìkòròdú ló ń pè é ní síídì, àtẹni tó ń tà á, àtẹni tó ń rà á. Mo fowó lé e, ó fún mi ní èyí tó ń gbé DVD. Owó tí mo fi kún un tó owó ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ àlọ àtàbọ̀. Ó tún ní kí n kú ọjà.

Àbámẹ́ta, 28 Júùnù

Ẹ̀rọ tuntun ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹni tí eyín ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Mo pe Mujeeb tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní iná tí ẹ̀rọ ń fà lára láptọ́ọ̀pù ló kéré, pé orí wáyà rẹ̀ méjì ló wà, kí n ki méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo wò ó. Lóòótọ́, orí méjì. Mo ti ń rò pé ìkejì wà fún ẹ̀ṣọ́ ni.

Mo ki méjèèjì bọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ dáwọ́ dúró. Báyìí ni wọ́n mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti kú. Mo lọ sùn.

Àìkú, 29 Júùnù

Ó ṣí. Àpò méjì ló wà nínú síídì náà. Ọ̀kan ń jẹ́ AUDIO_TS, èkejì VIDEO_TS. Mi ò mọ TS, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn, mo sì mọ àwòrán. Mo tẹ àpò ohùn.

Òfìfo ni.

Mo tún un tẹ̀. Òfìfo. Mo yọ síídì, mo fi etí aṣọ nù ún, mo dá a padà. Òfìfo. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìṣáì. Mo rò pé ó yẹ kí inú mi bàjẹ́. Mo dúró dè é, kò wá. Mo dìde, mo se ìndómì, mo sì jẹ ẹ́ tán láìfi iyọ̀ sí i.

Aisha fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?" Mo dá a lóhùn pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Kí ló kan nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀!

Ajé, 30 Júùnù

Mujeeb rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Àǹtí, kò sí DVD tí kò ní àpò òfìfo yẹn. Wọ́n kàn máa ń fi síbẹ̀ ni. Ohùn àti àwòrán jọ ń gbé nínú àpò kejì."

Mo ní kí wá ni wọ́n ń pè é lórúkọ ohùn fún? Ó ní kí n bi àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó tún lọ. Ó fún mi ní búrẹ́dì, mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ ka abọ́ oníke ní sítọ́ọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn.

Ọjọ́rú, 2 Júláì

Fáìlì ńlá mẹ́rin ló wà nínú àpò kejì. VOB ni ìrù orúkọ wọn. Fóònù ò mọ VOB, MP4 ló mọ̀. Mo bá pa VOB rẹ́ nínú orúkọ ti àkọ́kọ́, mo kọ MP4 sí i, inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Fóònù ní fáìlì náà ti bàjẹ́.

Mujeeb: "Orúkọ rẹ̀ lẹ yí, Àǹtí. Ẹ ò tíì yí òun fúnra rẹ̀." Ó ní kí n gba sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú ife. Mo bi í bóyá ọtí ló wà nínú ife yẹn. Ó ní kí n fi yí fídíò, kí n má mu ún.

Jímọ̀, 4 Júláì

Dátà mi tán lórí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo rà sí i. Ó ti wọlé báyìí.

Ó yí fáìlì àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ títí mo fi jẹun tán. Mo ṣí i. Àwòrán wà! Iwájú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, tapólì aláwọ̀ búlúù, èmi nínú aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ga bí òpó iná, orí wa há. Tí èèyàn bá sì gbé ọwọ́, ìlà á yọ lára ọwọ́ náà bí eyín òòyà.

Màámi yọ sí i. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Aisha wà lẹ́yìn wọn, orí ọmọ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti sùn. Wọ́n la ẹnu. Ìró kankan ò jáde. Mo gbé ohùn láptọ́ọ̀pù sókè dé òpin. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe, iṣan ọrùn wọn yọ, gẹ̀gẹ̀ náà ń mì. Kò sí ìró. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà fún wọn níbẹ̀ yẹn.

Mo pa á dé.

Àìkú, 6 Júláì

Mo lo gbogbo ọjọ́ lórí rẹ̀. Iná wà láti àárọ̀, ó yà mí lẹ́nu.

Mo kọ́kọ́ tún ìwọ̀n àwòrán ṣe. Fídíò ayé ijọ́un kì í fẹ̀, mẹ́rin sí mẹ́ta ni. Mo yàn án, gbogbo wa padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá wa. Mo sanra nígbà yẹn o! Mo tún wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ìlà eyín òòyà, mo rí i, ó lọ. Ti ohùn ló kù. Mo kà á kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí. Ohùn inú síídì náà jẹ́ irú kan tí ẹ̀rọ tuntun kì í gbọ́, mo sì ti fi sílẹ̀ pé kó gbé e bó ṣe wà. Mo yan irú tí fóònù ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí i. Ohùn wà.

Orin ni.

Dùùrù oníbátìrì, ọkùnrin kan tó ń kọrin ẹ̀sìn ní imú. Màámi la ẹnu, ọkùnrin yẹn ń kọrin. Ààfáà la ẹnu, ọkùnrin yẹn ni. Èmi ń ka Kùránì, òun náà ni. Mo yí fáìlì kejì, mo yí ẹ̀kẹta. Orin látòkèdélẹ̀. Ibì kan wà tí Màámi gbé ọwọ́ lé mi lórí tí wọ́n sì ṣàdúrà gígùn sínú máíìkì. Mo wo ẹnu wọn títí. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu wọn.

Mo bi Mujeeb lórí fóònù bóyá èèyàn lè ṣí orin kúrò lórí ohùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá ti pa ohùn ibẹ̀ rẹ́, kí orin tó wọlé, kò sí nǹkan kan lábẹ́ orin."

Fáìlì kẹrin ò ṣí. Ibi oúnjẹ ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo fi sílẹ̀.

Ajé, 7 Júláì

Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Orúkọ oníkámẹ́rà wà lára síídì: Fábíyìí Fídíò. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fọ́tò ní Sábọ̀, wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, sólà ló ń tà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wá a lọ.

Ó rántí. Ó ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ gbàgbé ìyá yẹn. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti kú, ó dìde nídìí bátìrì tó ń tò. "Háà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Mo ní, "Àmín. Kí ló dé tí ẹ fi orin bo gbogbo rẹ̀?"

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi sí i."

"Ta ni?"

"Ìyá yín. Wọ́n wá wò ó nílé mi kí n tó parí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ara wọn báyìí, wọ́n fi ìborùn bojú. Wọ́n ní ṣé báyìí ni àwọn ṣe ń pariwo? Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ ní èbúté, àwọn àna á rí i. Wọ́n ní kí n fi orin sí i kó lè dùn ún wò."

Mo jókòó lórí páálí bátìrì kan. Inú bí mi sí Màámi. Inú bí mi gan-an. Ẹ ní ohùn, ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá ní kí wọ́n pa á rẹ́, ọdún tó tẹ̀lé e iṣẹ́ abẹ wá gba èyí tó kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí nǹkan máa ṣe mí. Mo fẹ́ bá wọn jà. Kò sí ẹni tí mo lè bá jà.

Ó ra omi tútù fún mi. Mo béèrè kásẹ́ẹ̀tì tó fi yà á. Ó ní wọ́n máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì kan ya òde bíi mẹ́wàá ni, òmíràn ti bo ti wa lọ́jọ́ tó pẹ́. Mo ti dìde tán nígbà tó pè mí padà.

"Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ wò ó dé ìparí pátápátá?"

"Ibi oúnjẹ ò ṣí."

"Ẹ wò ó. Orin tí mo máa ń fi sí i kì í tó. Tí orin bá tán kí àwòrán tó tán, mo máa ń fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà ni, pẹ̀lú ariwo tó wà níbẹ̀. Ta ló ń wo ibi tí wọ́n ti ń jẹun?"

Jímọ̀, 11 Júláì

Fáìlì kẹrin. Ẹ̀rọ á kà á díẹ̀, á há, kẹ̀kẹ̀kẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, láptọ́ọ̀pù á sì ní òun ò lè kà á. Mo gbé síídì sójú fèrèsé. Mujeeb ti sọ fún mi pé àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, etí rẹ̀ ni ìparí wà. Gbogbo etí náà ló họ, ó họ yíká.

Mo pe Àǹtí Rọ̀kí. Mo ní ṣé wọ́n fi nǹkan nù ún ni?

"Mo fọ̀ ọ́ fún ọ ni! Ó ti dọ̀tí. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo fi fọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbé ìdọ̀tí lé ọ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní ẹ ṣé mà.

Àìkú, 13 Júláì

Síídì mẹ́ta ni wọ́n ṣe nígbà náà. Ọ̀kan ti sọnù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Bàbá Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n Màámi, ní Agbọ̀wà. Mo gun ọkọ̀, mo gun ọ̀kadà, mo dé oko ìrẹsì wọn nínú ẹrẹ̀.

"Síídì wòlímọ̀ rẹ? Ó wà níbẹ̀ yẹn." Wọ́n fi àdá júwe òkè. Okùn kan ni wọ́n ta láti orí igi dé orí igi, síídì sì rọ̀ lára rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń yí nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń kọ mànà. "Wọ́n ń lé ẹyẹ gan-an ni. Tìrẹ ló ń dán jù. Láti ìgbà tí mo ti gbé e kọ́, ẹyẹ ò dé apá ibẹ̀ mọ́."

Ìwọ̀nba ẹ̀rín tó kù sí mi nínú jáde. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n já a fún mi, wọ́n fi síídì ìpolongo ìbò kan rọ́pò rẹ̀. Wọ́n di ìrẹsì díẹ̀ fún mi.

Mo ti gbé láptọ́ọ̀pù dání. Mo dán an wò lórí bẹ́ǹṣì wọn. Òòrùn ti jẹ inú rẹ̀ tán. Láptọ́ọ̀pù ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ṣé kí òun máa kọ nǹkan sí i? Mo ní rárá. Mo dá a padà fún Bàbá Sàlàkọ́. Ó kúkú ríṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́rú, 16 Júláì

Aisha pè. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ní ilé yẹn. A ti sọ ara wa di bẹ́ẹ̀ kí Màámi má baà dá nìkan máa ṣe é. Mo ní, "Gbé ohùn sókè, mi ò gbọ́ ọ." Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Tí kò bá ṣeé ṣe, Àǹtí mi, ẹ má da ara yín láàmú."

Mo ní ó máa ṣeé ṣe. Mi ò gbà á gbọ́. Mi ò kọ̀ ọ́ náà. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 19 Júláì

Mo tún fi síídì tiwa sí i. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ata rodo ti wọ́n kọjá ààlà.

Ìṣẹ́gun, 22 Júláì

Wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde nílé iṣẹ́ kí ẹni tó ń ra irin àlòkù wá gbé wọn. Mujeeb sáré wá bá mi ní sítọ́ọ̀.

"Àǹtí! Ẹ gbé síídì yín wá. Ojú síídì ara àwọn àgbà wọ̀nyí lágbára ju tuntun lọ. Wọ́n máa ń fara balẹ̀ kà á."

Inú báàgì mi ni síídì ń gbé; aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀ la fi bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà náà ga dé orúnkún mi, ó ń hó bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata. Mujeeb fi sọ́fítíwíà kan sí i tó jẹ́ pé tó bá dé ibi tó họ, á fò ó, á lọ síwájú, á tún padà wá gbìyànjú rẹ̀. Mo ń ka abọ́, mo ń lọ wò ó. Mo ka abọ́, mo lọ wò ó. Ní ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kò tíì dé ìdajì. Ẹni tó wá gbé irin dé, Mujeeb ní kó kọ́kọ́ gbé àwọn yòókù.

Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti ń fọn fèrè nígbà tó parí. Ibi tí kò rí kà kù díẹ̀, ìyókù wọlé. Mujeeb pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ!"

Mo ní rárá. Mo da fáìlì náà sórí fíláàṣì, mo fi sí àpò mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá jẹ́ orin ni títí dé ìparí, mi ò fẹ́ dá nìkan gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 24 Júláì

Mo yí fáìlì kẹrin sí MP4. Mo pa ohùn láptọ́ọ̀pù kí n tó wò ó bóyá ó jáde. Ó jáde. Àwọn èèyàn ń jẹun. Mo pa á dé.

Àbámẹ́ta, 26 Júláì, Ẹ̀pẹ́

Mo ń kọ èyí nínú yàrá Màámi. Àwọn àlejò ti ń lọ.

Àárọ̀ ni, àwọn ààfáà ò tíì dé. Wọ́n ti to àga síta, wọ́n ti gbé àpótí gbohùngbohùn tí ààfáà máa lò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Àǹtí Rọ̀kí wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń din àkàrà sàráà. Mo pe Aisha wọ pálọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé tábìlì. Mo ní, "Èmi náà ò tíì gbọ́ ọ o. Ó lè jẹ́ orin." Ó ní kò burú.

Orin ni. Ọkùnrin onímú yẹn. Àwọn èèyàn ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń gbá ọwọ́ ọmọ kúrò nínú ẹran. Mo ń wo ojú Aisha, mi ò wo fídíò. Ó ní ohùn láptọ́ọ̀pù kéré, ó fa wáyà àpótí ààfáà, ó ki í bọ̀ ọ́. Orin náà wá gba gbogbo ilé. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Orin náà já láàárín ọ̀rọ̀. Ìró àwo wọlé, ariwo ọmọdé, àkùkọ kan. Màámi sì ti ẹ̀gbẹ́ tapólì yọ, wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n na ìka sí wa lójú.

"Ìwọ oníkámẹ́rà! Ṣé ojú ni wọ́n fi ń jẹun nílé tìyín ni? Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kó o wá jẹun, jàre! Rọ̀kí! Rọ̀kíbátù o! Omi oníkámẹ́rà dà?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn tí mo ń rò. Ó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó há díẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ìbínú. Ó gba ilé, ó jáde sí ojú títì. Ara mi mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Aisha fò dìde.

"Ṣé Màámi ló ń pariwo báyìí?" Òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo.

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ti gbé mi. Kò bẹ̀ mí kó tó dé. Mo dorí kodò lórí tábìlì, mo ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ilé, ó lọ sókè, ó yá:

"Ẹ̀ẹ́n, ẹ̀gbọ́n mi! Mo ń gbé e bọ̀!"

Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Àǹtí Rọ̀kí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀wà lílọ̀ wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá, wọ́n gbé ife omi dání, omi ti dà sí wọn lára. Wọ́n wo àga Màámi. Wọ́n wo èmi àti Aisha. Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, níbi tí àwòrán ti dúró.

Aisha kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi náà lọ́wọ́ wọn, ó mu ún.

Àǹtí Rọ̀kí ò wọlé, wọn ò padà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi pè mí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n pè yín."